Ben Hogan

William Ben Hogan (ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1912 – ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1997), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ben Hogan, jẹ́ agbágọ́ọ̀fù ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó borí nínú ìdíje 64 láàárín àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ìdíje mẹ́rin tí wọ́n kà sí gíga jù lọ nínú eré náà: Masters, US Open, Open Championship àti PGA Championship. Yàtọ̀ sí àwọn ife-ẹ̀yẹ wọ̀nyí, ohun tí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ lẹ́nu àwọn agbágọ́ọ̀fù ni àlàyé tí ó ṣe lórí bí ènìyàn ṣe yẹ kí ó dúró ti bọ́ọ̀lù, bí ó ṣe yẹ kí ó di ọ̀pá mú àti bí ó ṣe yẹ kí ó fì í. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àtúnṣe sí àléébù kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ó rí àtúnṣe náà, ìjàm̀bá ọkọ̀ ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì di dandan fún un láti tún kọ́ ìdúró àti ìrìn bí ọmọdé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Hogan ní ìlú Stephenville ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n ìlú Dublin tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ó ti lo ọdún àkọ́kọ́ ìgbà èwe rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Chester, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní àsìkò tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba ipò ẹṣin, tí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sì ń dínkù lójoojúmọ́. Ìdílé náà kó lọ sí ìlú Fort Worth. Níbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1922, Chester fi ìbọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú ilé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ben nígbà náà. Clara, ìyá wọn, ń fi iṣẹ́ aṣọ rírán bọ́ àwọn ọmọ náà. Royal, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó lè máa ṣiṣẹ́. Ben fúnra rẹ̀ sì ń ta ìwé ìròyìn ní ibùdókọ̀ ojú irin.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọmọ ọdún 11, ó gbọ́ pé owó wà nínú iṣẹ́ kádì, ìyẹn ẹni tí ń ru àpò ọ̀pá tẹ̀lé agbágọ́ọ̀fù káàkiri pápá. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Glen Garden Country Club ní Fort Worth. Kádì kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni Byron Nelson, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí òun náà sì di ìlúmọ̀ọ́ká nínú eré gọ́ọ̀fù. Nínú ìdíje ọdún Kérésìmesì tí ẹgbẹ́ náà ṣe fún àwọn kádì, ìgbá kan ṣoṣo ni Nelson fi borí Hogan. (Ìgbá ni orúkọ tí a fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí agbágọ́ọ̀fù bá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù; ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí.) Nígbà tí ó yá, Nelson ni ẹgbẹ́ náà fún ní àyè ọmọ ẹgbẹ́ kékeré, Hogan kò sì rí irú rẹ̀ gbà. Kò parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún 1930, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó di amọ̀ṣẹ́dunjú.

Àléébù tí ó bá a jà

Hogan kò ga, kò sì sanra. Kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè lọ jìnnà bíi ti àwọn tí wọ́n jù ú lọ, ó sọ ọ́ di àṣà láti máa gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn gan-an, kí ó sì fì í kíákíá. Ó tún máa ń yí ọwọ́ òsì rẹ̀ sí apá ọ̀tún lórí ọ̀pá. Irú ìdìmú báyìí máa ń jẹ́ kí ojú ọ̀pá tètè pa dé nígbà tí ó bá ń bọ̀ wá pàdé bọ́ọ̀lù. Bí ojú ọ̀pá bá ti pa dé jù, bọ́ọ̀lù ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a yóò fò nílẹ̀ nílẹ̀, yóò sì tẹ̀ sí òsì lójijì. Bí ó bá balẹ̀, kì í dúró. Ṣe ni ó máa ń yí lọ sínú igbó tàbí sínú omi. Ọjọ́ tí ó bá dára, Hogan a máa gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ọjọ́ tí kò bá dára, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù náà yóò gbà.

Àléébù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán fún un, nítorí pé láti inú èrè ìdíje ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 1930 sí 1938, tí ó sì ní láti padà sílé. Ní ọdún 1935, ó fẹ́ Valerie Fox, àwọn méjèèjì sì jọ ń wa ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú tẹ̀lé ìdíje. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938, nígbà tí owó wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, olè jí táyà ọkọ̀ wọn nígbà tí wọ́n lọ fún ìdíje ní Oakland ní ìpínlẹ̀ California. Hogan bá ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ dé pápá, ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, owó tí ó sì rí gbà ní ìparí ìdíje náà ni kò jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Agbágọ́ọ̀fù mìíràn tí ń jẹ́ Henry Picard dìde láti ràn án lọ́wọ́. Ó ṣèlérí owó fún un bí ó bá di dandan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Hogan kò béèrè fún un. Ó fún un ní ọ̀pá kan tí ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ó sì gbà á nímọ̀ràn lórí bí ó ṣe lè yí ìdìmú rẹ̀ padà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1940, Hogan borí nínú North and South Open ní Pinehurst, èyí tí ó jẹ́ ìdíje àkọ́kọ́ tí ó dá borí gẹ́gẹ́ bí amọ̀ṣẹ́dunjú. Kò pẹ́ rárá tí ó tún fi borí nínú ìdíje méjì mìíràn tí ó tẹ̀lé e. Òun ni owó èrè rẹ̀ pọ̀ jù lọ láàárín àwọn agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà ní ọdún 1940, 1941 àti 1942. Láti ọdún 1943 sí 1945, ó wà nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú nítorí Ogun Àgbáyé Kejì.

Síbẹ̀, àléébù àtijọ́ náà kò tí ì kúrò pátápátá. Ní ọdún 1946, ó yẹra fún ìdíje fún ìgbà díẹ̀, ó padà sí Fort Worth, ó sì fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe tí ó ṣe ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ó yí ọwọ́ òsì rẹ̀ padà sí apá òsì lórí ọ̀pá. Èkejì, bí ó bá ti ń gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn, ó máa ń yí apá rẹ̀ kí ojú ọ̀pá lè ṣí. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ọ̀pá bá dé òkè pátápátá, ó máa ń tẹ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ó ti wù kí ó fi agbára fì ọ̀pá tó, ojú ọ̀pá kì í pa dé jù mọ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá ń fò sókè, ó ń tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì ń balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọdún 1946 yìí kan náà ni ó gba PGA Championship, ìdíje ńlá àkọ́kọ́ nínú mẹ́sàn-án tí ó borí. Ní ọdún 1948, ó gba PGA Championship lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gba US Open fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìjàm̀bá ọkọ̀

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1949, Hogan àti Valerie ń ti Arizona bọ̀ wá sílé. Ìkùukùu bo ojú ọ̀nà nítòsí ìlú Van Horn ní Texas. Bọ́ọ̀sì Greyhound kan tí ó fẹ́ kọjá ọkọ̀ akẹ́rù wá kọlu ọkọ̀ wọn. Kí ọkọ̀ méjèèjì tó pàdé, Hogan fò sọ́dọ̀ aya rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ bò ó. Ìṣe yìí gba ẹ̀mí àwọn méjèèjì là, nítorí pé ọ̀pá ìtọ́kọ̀ gún àga awakọ̀ tí ó ti kúrò lórí rẹ̀. Valerie kò fara pa púpọ̀. Ní ti Hogan, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, egungun èjìká, ìhà àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́.

Ní ilé ìwòsàn ní ìlú El Paso, ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ológun gbé oníṣẹ́-abẹ Alton Ochsner wá láti New Orleans. Ochsner so iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ara padà sí ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ dídì má bàa tún gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́-abẹ náà gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú, a sì máa ro ó bí ó bá ti rìn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní lè rìn dáadáa mọ́, áḿbọ̀sìbọ́sí kí ó gbá gọ́ọ̀fù. Nígbà tí ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ká inú yàrá, lẹ́yìn náà yí ká ilé, kí ó tó bọ́ sójú títì.

Ìpadàbọ̀ àti ọdún 1953

Ní oṣù Kìíní ọdún 1950, kò tí ì pé ọdún kan lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, Hogan kópa nínú Los Angeles Open. Òun àti Sam Snead ni wọ́n ṣe ọgbọọgba, kí Snead tó borí rẹ̀ nínú ìdíje àfikún. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó lọ sí US Open ní pápá Merion, nítòsí Philadelphia. Nígbà náà, ihò 36 ni wọ́n máa ń gbá ní ọjọ́ ìkẹyìn. Hogan fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí ó lè dúró. Ní ihò ìkẹyìn, ìgbá mẹ́rin ni ó nílò kí òun àti Lloyd Mangrum pẹ̀lú George Fazio lè ṣe ọgbọọgba. Ó gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn gúnlẹ̀ sórí koríko tí ihò wà, ó sì rí mẹ́rin náà gbà. Ní ọjọ́ kejì, ó borí àwọn méjèèjì: ìgbá 69 ni tirẹ̀, 73 ni ti Mangrum, 75 ni ti Fazio.

Ní ọdún 1951, ó gba Masters àti US Open. Ọdún 1953 ni ògo rẹ̀ ga jù lọ. Nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdíje mẹ́fà péré ni ó bá wọn dá sí ní ọdún náà, ó sì borí nínú márùn-ún. Ó gba Masters pẹ̀lú ìgbá 274. Ó gba US Open ní Oakmont. Ó sì gba Open Championship ní Carnoustie ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí ìgbá rẹ̀ ti ń dínkù lójoojúmọ́: 73, 71, 70, 68. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ó kópa nínú Open Championship. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tí ì gba ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí pọ̀ ní ọdún kan. Kò lè kópa nínú PGA Championship ọdún náà nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ wọnú ti Open Championship. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ará ìlú New York tú síta láti kí i káàbọ̀.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ní gbogbo àkókò yìí, òfin ẹgbẹ́ PGA ti Amẹ́ríkà kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Láti ọdún 1934 ni òfin náà ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ọdún 1961 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Àkọsílẹ̀ àwọn àṣeyọrí ìgbà Hogan kò pé, níwọ̀n bí wọn kò ti jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó mọ eré náà wọ pápá.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìdúró

Hogan kọ Power Golf ní ọdún 1948, ó sì fi í júbà Henry Picard. Ní ọdún 1955, ó ṣàlàyé àtúnṣe tí ó ṣe sí àléébù rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Life. Ní ọdún 1957, òun àti Herbert Warren Wind gbé Five Lessons jáde, pẹ̀lú àwòrán tí Anthony Ravielli yà. Ìdìmú ọ̀pá ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, ìdúró ni ẹ̀kọ́ kejì. Ọ̀pá kò tí ì kúrò nílẹ̀ rárá títí di ẹ̀kọ́ kẹta.

Àléébù ìdúró tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tí ń kọ́ gọ́ọ̀fù ni títẹ ẹ̀yìn kọdọrọ sórí bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ sọ pé kí wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì tẹ èjìká àti ẹ̀yìn, wọ́n na orúnkún gbọnrangandan, gbogbo ìwúwo ara sì bọ́ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn tí ó bá ti ká báyìí kì í lè yí dáadáa. Nígbà tí èjìká kò bá lè yí, apá nìkan ni yóò gbé ọ̀pá sókè. Bí ọ̀pá bá sì ń bọ̀ nílẹ̀, ìwúwo tí ó wà níwájú ẹsẹ̀ yóò máa fa ènìyàn ṣubú síwájú, ara yóò sì tètè na dìde kí ó má bàa ṣubú. Báyìí ni ọ̀pá ṣe ń gbá orí bọ́ọ̀lù, tàbí kí ó kọ́kọ́ gbá ilẹ̀.

Ohun tí Hogan kọ́ni ni pé orúnkún ni kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ̀yìn wà ní nínà, kí ìdí sì rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ fi ìdí lé orí àpótí gíga kan. Ọrùn ni kí ó tẹ̀ láti wo bọ́ọ̀lù, kì í ṣe èjìká. Ìwúwo ara ní láti wà lápá gìgísẹ̀ díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè nínú bàtà. Kí ìgúnpá méjèèjì súnmọ́ ara wọn, kí apá sì lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò dúró ṣánṣán sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà, ẹsẹ̀ òsì yóò sì ṣí díẹ̀ sí òsì. Ó tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú inú wo gíláàsì fífẹ̀ kan tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí bọ́ọ̀lù dé èjìká, kí apá rẹ̀ má sì fọ́ ọ bí ó ti ń gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn.

Ó ṣe pàtàkì kí a ya ẹ̀kọ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnṣe ọdún 1946. Ìdúró tí ó dára wúlò fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n yíyí ọwọ́ òsì sí òsì àti títẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn jẹ́ oògùn fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń tẹ̀ sí òsì jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà ni bọ́ọ̀lù tiwọn ń tẹ̀ sí ọ̀tún, nítorí pé ojú ọ̀pá wọn ṣí jù. Bí irú wọn bá lo oògùn Hogan, àrùn wọn ni yóò pọ̀ sí i. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ a máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ sí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìdìmú rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ àti ogún tí ó fi sílẹ̀

Ní ọdún 1953, Hogan dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọ̀pá gọ́ọ̀fù sílẹ̀ ní Fort Worth. Ó tà á fún ilé-iṣẹ́ AMF ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 54, ó lo ìgbá 30 péré fún ihò mẹ́sàn-án ìkẹyìn ní ọjọ́ kẹta Masters. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú World Golf Hall of Fame ní ọdún 1974. Òun àti Valerie kò bímọ. Ó kú ní Fort Worth ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1997, ní ẹni ọdún 84. Valerie tẹ̀lé e ní ọdún 1999.

Five Lessons ṣì wà lára àwọn ìwé gọ́ọ̀fù tí àwọn ènìyàn ń kà jù lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dé pápá ìdánrawò, ìbáà jẹ́ ní Fort Worth tàbí ní Ikoyi Club 1938 ní ìlú Èkó, tí ó sì rí olùkọ́ tí ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó na ẹ̀yìn, kí ó tẹ orúnkún, kí ó má sì dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀kọ́ tí Hogan kọ sílẹ̀ ní ọdún 1957 ni ó ń gbọ́.